Ẹ Kí Mi, Ẹ Má Gbé Mi

Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nílùú yìí. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó kúrò nílé, mo sì ti ra kóòtù dè é. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé ènìyàn lè jí láàárọ̀, kó rìn dé ibi iṣẹ́, kó ṣiṣẹ́ tán, kó padà sílé, kó sì sùn, láìsí ẹni tó kí i.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, mo kí ọkùnrin kan ní ibùdó bọ́ọ̀sì. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tó rí i pé òun ni, ó sún kúrò díẹ̀, ó sì fa àpò rẹ̀ mọ́ra. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mo pe Bọ́sẹ̀, àbúrò mi obìnrin, mo sọ ọ́ fún un bí àwàdà.

Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ má kí wọn mọ́ o. Wọ́n á ní ẹ fẹ́ jà wọ́n lólè."

"Kí n wá máa wò wọ́n níran?"

"Ẹ máa wò wọ́n níran. Ṣebí ẹ sanwó ìran kí ẹ tó wọ bàálù."

Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù ń yí lu oṣù, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà mọ́. Ọmọ Japara, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ni mí. Ní àdúgbò wa, bí o bá lọ ra iyọ̀ ní ìsọ̀ tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ìkíni tí wàá kí lọ, tí wàá kí bọ̀, á pọ̀ ju iyọ̀ náà lọ. Ìyá mi, tí gbogbo ìlú ń pè ní Màmá Tíṣà nítorí ọdún tó fi kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Áńgílíkà, máa ń sọ pé ẹni tó bá gba iwájú ilé ènìyàn kọjá láìkí wọn, kò tíì gba ibẹ̀ kọjá.

Oníròyìn ni mí nílé. Iṣẹ́ mi ni kí n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, kí n sì kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Níbí, ní ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ríṣẹ́. Mò ń wẹ ìyá oníyàá, mò ń fi ṣíbí bọ́ bàbá oníbàbá, mò ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá parí, mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ sí yàrá mi, mo máa jókòó, mo máa jẹ búrẹ́dì. Mo jẹ búrẹ́dì ju bí mo ṣe sọ̀rọ̀ lọ.

Ara ló kọ́kọ́ fẹjọ́ mi sùn. Àtẹ̀gùn ilé tí mò ń gbé kò ga, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rẹ̀ sí í dúró láàárín rẹ̀ láti mí. Nọ́ọ̀sì tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò wo ẹ̀rọ, ó wò mí, ó tún wo ẹ̀rọ náà.

Ó ní, "Ṣé o máa ń rìn?"

Mo ní mo máa ń rìn dé ibùdó bọ́ọ̀sì.

Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìrìn. Bọ́ọ̀sì lò ń lọ dúró dè."

Mo gbọ́. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo ra bàtà eré ìdárayá, mo sì sáré yí adágún kan tó wà nítòsí ilé mi ká bí ẹni tí ajá ń lé. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, orúnkún mi ti wú. Mo ti bàtà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí ọdún tuntun dé, mo tún fà á jáde, mo tún sáré, mo tún tì í padà. Bí mo ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni mo ń parí.

Ẹni tó là mí lójú ni Màríà, obìnrin tó ń wá kọ́ àwọn arúgbó wa ní ìrìn. Àlejò ni òun náà, láti ilẹ̀ Pólàǹdì. Bàbá kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń jẹ́ Tọ́ọ̀mù. Ó ṣubú, egungun ìdí rẹ̀ dá, wọ́n tò ó, ṣùgbọ́n bàbá ní òun ò dìde mọ́. Màríà kò bẹ̀ ẹ́, kò sì bá a jà. Ó mú un lọ́wọ́, wọ́n rìn díẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá ní ó tó. Màríà fa téèpù pupa jáde nínú àpò, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí bàbá dúró sí. Lọ́jọ́ kejì, bàbá fi ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kọjá téèpù náà. Màríà lẹ òmíràn.

Mo bi í pé, "Ẹnu ọ̀nà ọgbà tí o fẹ́ kó dé ṣì jìnnà. Ṣé kò ní sú u?"

Ó ní, "Èmi kì í fi ẹnu ọ̀nà hàn án. Téèpù àná ni mo máa ń fi hàn án."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn dání lọ sílé. Mi ò mọ̀ pé màá nílò rẹ̀ kíákíá bẹ́ẹ̀.

Bọ́sẹ̀ ló pè. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlu Màámi lápá òsì, ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Mi ò lè lọ. Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà níwájú ìjọba ibí. Bí mo bá jáde kí wọ́n tó dá mi lóhùn, ilẹ̀kùn á tì lẹ́yìn mi. Nítorí náà, ìyá oníyàá ni mò ń gbé dìde lórí àga láràárọ̀, tèmi sì wà lórí àga ní Japara. Mi ò ní sọ púpọ̀ lórí ìyẹn. Ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí mọ̀ ọ́n.

Wọ́n tọ́jú rẹ̀ ní ọsibítù, ó bọ́ lọ́wọ́ ikú, wọ́n sì kìlọ̀ pé kó máa fi ẹsẹ̀ náà rìn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ á gan pátápátá. Ṣùgbọ́n kò rìn. Mo bi Bọ́sẹ̀ léèrè.

Ó ní, "Bọ̀dá mi, ta ló fẹ́ jẹ́ kí wọ́n rìn? Bí wọ́n bá na ọwọ́ sí ife, ẹnì kan ti gbé e fún wọn. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ dìde, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á pariwo pé, 'Màmá, ẹ jókòó! Kí la wà fún?' Lánàá, ìyàwó Wọ́dìn ṣọ́ọ̀ṣì wa fi ṣíbí bọ́ wọn. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ò sì ṣe nǹkan kan!"

"Kí ni Màámi wá sọ?"

"Wọ́n jẹ ẹ́."

Mo ní kó gbé fóònù fún wọn.

"Màámi, ẹ kú ìrọ́jú. Mo gbọ́ pé ẹ ò rìn."

"Rìn lọ síbo?" Ohùn rẹ̀ ti wúwo lápá kan, bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. "Omi wà nítòsí mi. Bíbélì wà nítòsí mi. Ta ni mo fẹ́ rìn lọ bá?"

Mi ò rò ó kí n tó sọ ọ́. Mo ní, "Èmi ni. Mò ń bọ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ wá pàdé mi lọ́nà."

Ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, epo bẹntiróòlù wọ́n lásìkò kan débi pé ọkọ̀ tán lójú títì. Mo gbé àpò kọ́ èjìká, mo sì fi ẹsẹ̀ rìn wá sílé. Mo gba Òrù, mo gba ìyànà Ilaporu, mo wọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹnì kan tó gun kẹ̀kẹ́ kọjá lára mi ló lọ sọ fún Màámi. Nígbà tí mo yọ sí kọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, mo bá a lórí ìdúró, ṣọ́ọ̀kì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bọ́ àpò léjìká mi. Mo ní ká má rí i, ọmọ kì í wo ìyá rẹ̀ kó máa ru ẹrù òun. Ó ní, "Dákẹ́. Ẹni tó bá rìn jìnnà kì í dá wọlé."

Ó ru àpò náà délé. Àwọn tó wà lójú ọ̀nà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Alákọ̀wé, ojú ò tiẹ̀ tì ọ́!" Láti ọjọ́ yẹn, ibi tí mo bá ti ń bọ̀, kọ̀rọ̀ yẹn ló máa ń dúró dè mí sí. Ọjọ́ tí mò ń lọ sí òkè òkun, ibẹ̀ ló sìn mí dé. Kò sọkún. Ó ní, "Ibí ni màá wà."

Lórí fóònù, ohùn tíṣà padà bọ̀.

"Ṣé lóòótọ́ lo máa rìn ín?"

"Lóòótọ́, mà. Ẹ̀bá adágún kan ni màá ti máa rìn. Fóònù á wọn ọ̀nà tí mo bá rìn. Bọ́sẹ̀ á wo máàpù, á sọ ibi tí ìrìn náà gbé mi dé ká ní ọ̀nà tiwa ni mo wà."

"Láti ẹnu géètì yunifásítì, lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́, mà. A ò ní fi ti àná kún ti òní."

"Èmi náà, láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ tí o bá dé kọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan náà, láìwọ ọkọ̀, wàá bá mi níbẹ̀." Lẹ́yìn náà mo gbọ́ tó pariwo, "Bọ́sẹ̀! Wá ṣọ́ọ̀kì."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mi ò sáré. Mo rìn títí mo fi mí hẹlẹhẹlẹ, mo yí padà. Bọ́sẹ̀ wo máàpù, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá mi, ẹ ò tíì kúrò níwájú àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì." Màámi di ọ̀pá mú, ó dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Bọ́sẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Mo kọjá àwọn oní-fọ́tòkọ́pì, mo dé ibi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí. Màámi dé ẹnu ọ̀nà yàrá. Mi ò wo Japara, torí bí mo bá wò ó, ẹsẹ̀ mi á kú. Ibi tí mo dé lánàá ni mò ń wò, mo sì ń wá bí mo ṣe máa fi òpó iná kan, tàbí àga ìjókòó kan létí adágún, kọjá rẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí ara kọ̀, tí mi ò lè kọjá ibi àná. Mo máa ń fẹ́ bínú sí ara mi. Màámi ní, "Nígbà tí mò ń kọ́ yín ní ABD, ṣé ojoojúmọ́ lẹ ń mọ lẹ́tà tuntun? Ọjọ́ mìíràn, ká má gbàgbé ti àná náà, iṣẹ́ ni." Lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀, Bọ́sẹ̀ kì í fa ìlà tuntun. Yóò tún ojú ìlà àná fà kó lè hàn dáadáa.

Bàtà mi ò wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mọ́. Ẹnu ilẹ̀kùn ló ń sùn.

Ọjọ́ tí mo dé ọjà Àgọ́, mo fi ayọ̀ pè wọ́n.

Màámi ní, "O ti dé ọjà? Ta lo kí?"

"Mi ò kí ẹnì kankan, mà. Ẹ̀bá adágún ni mo wà, pẹ́pẹ́yẹ ló wà níbẹ̀."

"Nígbà náà, o ò tíì dé ọjà. Lọ́la, padà lọ, kí o kí wọn."

Mo rò pé eré ni. Kì í ṣe eré. Ó fẹ́ kí n dárúkọ wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí: télọ̀ tó rán aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde mi, Àlájà tó ń ta obì, ìyá tó ń dín ọ̀jọ̀jọ̀ lẹ́bàá títì. Bí mo bá dé ibi tí ó yẹ kí ìsọ̀ kálukú wọn wà, màá rọra sọ ọ́ jáde lẹ́nu: Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ kú iṣẹ́ o. Àlájà, ọjà á tà o.

"Ìyá ọlọ́jọ̀jọ̀ ti kú," Màámi sọ lọ́jọ́ kan.

Mo ní, ta ni màá wá máa kí níbẹ̀?

"Kí ilẹ̀kùn wọn," ó ní. "Ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi kan tí kò ní ewé, mo kí ilẹ̀kùn ìyá ọlọ́jọ̀jọ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, bàbá òyìnbó kan tó fa ajá dání ń wò mí. Ojoojúmọ́ la máa ń pàdé, kì í sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ náà, bóyá ó rò pé òun ni mo kí, ó mi orí. Ó ní, "Káàárọ̀." Mo fi ayọ̀ rẹ̀ rìn kọjá ibi àná.

Mo pẹ́ kí n tó dé Òrù. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mi ò lè yára kọjá. Àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò ní Làìbéríà wà níbẹ̀ nígbà kan rí, ó sì gbòòrò. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, mo lọ fi ọ̀rọ̀ wá ọkùnrin kan lẹ́nu wò níbẹ̀, onígbàjámọ̀ ni. Mo bi í ní ohun tí gbogbo ọmọ oníròyìn máa ń béèrè: kí ló jẹ ọ́ níyà jù lọ níbí? Mo ti ń dúró de ebi, mo ti ń dúró de ibà.

Ó ń fi etí aṣọ nu abẹ. Ó ní, "Níbí, wọ́n ń bọ́ mi. Nílé, wọ́n máa ń kí mi."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, mo sì kọjá sí ìbéèrè tó kàn. Ìgbà tí mo dúró sí Òrù tèmi, lẹ́bàá omi tí mi ò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀, ni mo tó gbọ́ ohun tó sọ.

Mo ti máa ń rò pé ibi tí wọ́n bí ènìyàn sí ni ilé rẹ̀, tàbí ibi tó kọ́lé sí. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Òtútù mú mi lásìkò kan, mi ò jáde. Nígbà tí mo padà sí ẹ̀bá adágún, bàbá alájá dúró. Ó ní, "Mi ò rí ọ lánàá." Ọ̀rọ̀ kékeré ni, ṣùgbọ́n mo gbé e délé. Bóyá ohun tí ilé jẹ́ kò ju ìyẹn lọ: ibi tí wọ́n ti mọ̀ pé o ò wá lánàá.

Nílé, ìlà ṣọ́ọ̀kì ti jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ti wọ àgbàlá. Nígbà tó dé ẹnu géètì wa, Bọ́sẹ̀ ní omi bọ́ lójú òun, Màámi sì bá òun wí pé, "Kí lò ń sunkún sí? Fa ìlà." Lọ́dọ̀ mi, nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru mi wò, kò wo ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì mọ́. Mò ń gun àtẹ̀gùn láìdúró. Mo kọjá ìyànà Ilaporu, mo wọ Ìjẹ̀bú-Igbó, mo kí gbogbo ojú ọ̀nà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan tí mi ò ní iṣẹ́, mo kúrò ní géètì Àgọ́, mi ò sì dúró títí fóònù mi fi sọ pé mo ti dé kọ̀rọ̀ náà. Àga ìjókòó aláwọ̀ ewé kan ló wà níbẹ̀. Mi ò jókòó. Mo pe ilé.

Bọ́sẹ̀ ń mí gúlegúle. "Bọ̀dá mi, wọ́n ti gbé Màámi padà sílé!"

Kí ló ṣẹlẹ̀? Màámi ti jáde. Ó ti kọjá ìsọ̀ méjì. Ó rẹ̀ ẹ́, ó fi ọ̀pá dúró láti sinmi. Obìnrin kan bi í pé, "Màmá Tíṣà, kí lẹ ń ṣe nínú oòrùn?" Ó dáhùn bó ṣe rí: "Mò ń lọ pàdé ọmọ mi. Ó ń bọ̀ láti Àgọ́." Gbogbo àdúgbò sì mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ wà lókè òkun. Ọ̀rọ̀ fò láti ẹnu dé ẹnu pé àìsàn Màmá ti gun orí. Wọ́dìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ń fi ọkọ̀ kọjá. Ó bọ́ sílẹ̀, òun àti ọlọ́kadà kan gbé Màámi sínú ọkọ̀, tòun ti ọ̀pá.

Wọ́dìn fúnra rẹ̀ gba fóònù. "Àbúrò, má bínú. Tíṣà mi ni wọ́n ní kíláàsì kejì. Ṣé kí n máa wò wọ́n nínú oòrùn ni, kí n fi gíláàsì ọkọ̀ sókè, kí n kọjá? Ayé á bú mi."

Mi ò lè bá a jà. Ẹ̀kọ́ ilé tí Màámi fi kọ́ ọ ló fi gbé Màámi.

Màámi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀. "Wọ́n gbé mi bí àpò gàárì. Kò kà."

"Lọ́la ńkọ́, mà?"

"Wọ́n ń sọ pé orí mi ti dà rú. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò." Ó dá fóònù padà fún Bọ́sẹ̀.

Kò jáde lọ́jọ́ kejì, kò jáde lọ́jọ́ kẹta. Ó padà sórí àga. Òjò rọ̀, ó fọ ìlà ṣọ́ọ̀kì tó wà ní àgbàlá. Bọ́sẹ̀ ní ẹsẹ̀ náà ti tún ń gan. "Wọ́n ti ní kí n gbé ife fún àwọn," ó ní, ohùn rẹ̀ sì bà mí lẹ́rù ju ọ̀rọ̀ náà lọ.

Mo ronú ohun tí mo lè ṣe láti ibi tí mo wà. Kò pọ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ nípa Màámi ni pé kì í fi ọmọ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá parí, tí òbí kan bá pẹ́, òun àti ọmọ náà ni wọ́n jọ máa dúró.

Nítorí náà mò ń lọ. Bí iṣẹ́ bá gbà mí láyè láàárọ̀, màá rìn láti géètì Àgọ́ dé kọ̀rọ̀ wa, màá dúró sí ẹ̀gbẹ́ àga aláwọ̀ ewé náà, màá pe Bọ́sẹ̀. Mi ò béèrè Màámi. Mo ní kó kàn máa sọ fún wọn pé, "Ó ti dé ibẹ̀. Ó wà lórí ìdúró."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọn ò sọ nǹkan kan."

Ọjọ́ mìíràn: "Wọ́n ní ṣé òtútù wà níbẹ̀."

"Sọ fún wọn pé ó wà."

Ọjọ́ mìíràn: "Wọ́n ní ṣé ẹ wọ fìlà."

Bàbá alájá pàápàá bi mí pé kí ló dé tí mo máa ń dúró sí ojú kan náà. Mo ní mò ń dúró de ìyá mi. Ó wo ọ̀nà, kò rí ẹnì kankan. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bá mi dúró díẹ̀, ajá rẹ̀ jókòó.

Òwúrọ̀ kan, Bọ́sẹ̀ ló pè mí kí n tó pè é. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ti kúrò nílé? Wọ́n ní kí n bá wọn wá síléètì wọn àtijọ́ jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ti kọ nǹkan sí i. Wọ́n ti fi okùn so ó kọ́ ọrùn."

"Kí ni wọ́n kọ?"

Ó kà á fún mi: "MÒ Ń RÌN. Ẹ KÍ MI, Ẹ MÁ GBÉ MI."

Mo gbé àpò kọ́ èjìká, mo rìn lọ́jọ́ náà bí ẹni tí wọ́n ń retí. Yìnyín ti dì sórí koríko, Bọ́sẹ̀ sì ní ọyẹ́ ti dé lọ́dọ̀ tiwọn. Mo kí fọ́tòkọ́pì, mo kí ọjà, mo kí ilẹ̀kùn ìyá ọlọ́jọ̀jọ̀. Mo kí onígbàjámọ̀ Òrù níbikíbi tó bá wà. Nígbà tí mo dé kọ̀rọ̀ wa, mo pe ilé. Bọ́sẹ̀ fi ohùn fóònù sí gbangba, ó dì í mú lẹ́yìn Màámi.

Mò ń gbọ́ ọ̀pá: kó, kó, kó. Mo gbọ́ ọlọ́kadà kan tó pariwo pé, "Màmá Tíṣà, ẹ jẹ́ n gbé yín!" Ọ̀kadà rẹ̀ rọra dúró. Ó ń ka síléètì. Lẹ́yìn náà: "Háà! Ẹ kú ìrìn o, mà!"

"O ṣeun," Màámi dáhùn. "O mọ̀wé kà. Ta ló kọ́ ọ?"

"Ẹ̀yin ni, mà!"

Wọ́n ń kí i láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ẹ kú ìrìn o. Ẹ kú ìrìn, Màmá. Mo gbọ́ ohùn Wọ́dìn, ó ní òun ti páàkì ọkọ̀ sílé, òun ò fọwọ́ kàn wọ́n, òun kàn ń wò ni. Màámi ní, "Dúró sẹ́yìn, kí o máa wò." Kó, kó, kó. Ó dúró láti sinmi, mo sì ń bá a mí. Lẹ́yìn náà ọ̀pá dákẹ́.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?" Ohùn rẹ̀ súnmọ́ etí mi.

"Èmi ni, mà."

"Ó ti pẹ́ tí o ti wà lórí ìdúró?"

"Kò pẹ́, mà."

"Irọ́ lò ń pa. Bọ́ àpò rẹ fún mi."

Mo bọ́ àpò léjìká. Mo nà án síwájú. Ó pẹ́ kí n tó fà á padà sọ́dọ̀ ara mi.

"Ó yá," ó ní, ní ohùn Ìjẹ̀bú tí kì í lò ní kíláàsì. "Ulé."

Bẹ́ẹ̀ ni à ń pe ilé lọ́dọ̀ tiwa. Mo yí padà, mo kọjú sí ọ̀nà yàrá mi. Bí ọ̀pá rẹ̀ bá kan ilẹ̀, màá gbé ẹsẹ̀ kan. Bí ọ̀pá bá dúró, màá dúró. Àwọn òyìnbó ń yà fún mi, ẹni tó ń yára ń kọjá lọ. Lórí fóònù, ẹnì kan pariwo láti òdìkejì títì ní Japara, ó bi Màámi pé ta ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi ni. Ó ti Àgọ́ dé. A jọ ń lọlé ni."

Kò sẹ́ni tó sọ pé orí rẹ̀ dà rú. Ohùn náà ní, "Bọ̀dá! Ẹ kú àbọ̀ o! Ẹ kú ìrìn o!"

Mo dáhùn láàárín títì ìlú àjèjì, mi ò rẹ ohùn sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé o! Ẹ kú ilé o!"

Ọ̀pá dún lórí àtẹ̀gùn ilé wa. Èmi náà dé iwájú ilé tí mo ti háyà yàrá.

"Wọlé, ọkọ mi," Màámi ní. "Má ti ilẹ̀kùn o. Mo ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ."

Mo wọlé. Òtútù ń wọlé tẹ̀lé mi. Mi ò ti ilẹ̀kùn.